Oòrùn Tí Kò Gbọdọ̀ Hàn Sójú Títì

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá ká oòrùn kúrò lórí ilé Ọlátúndé. Wọn kò wá lóru, wọn kò sì fi nǹkan bojú. Àárọ̀ ni wọ́n dé, lásìkò tí àwọn èèyàn ń fọ mọ́tò níwájú ilé wọn, tàwọn ti àkàsọ̀ àti okùn lọ́wọ́, wọ́n sì kí gbogbo ará ilé dáadáa kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá.

Ìyá ń mu ẹ̀kọ nígbà náà. Ìyá tí mò ń wí yìí ni Màmá Beatrice, ìyá tó bí Ọlátúndé, arúgbó ará Kábbà tí ogbó ti ń gba iyè lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kúnbi, ìyàwó Ọlátúndé, ló jókòó tì í, tó ń fẹ́ ẹ̀kọ náà kó má bàa jó o lẹ́nu, tó sì ń gé mọ́ínmọ́ín sí wẹ́wẹ́ fún un. Ìyá ń bèèrè bóyá wọ́n ti fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Kúnbi ní wọ́n ti fún un, pé ó ti yó, ó ti sùn. Kò sí ewúrẹ́ kankan ní gbogbo ẹ́sítéètì náà, òfin kò gbà á.

Òfin kò gba ọ̀pọ̀ nǹkan ní ẹ́sítéètì wọn ní Galadimawa, ní Abuja. Kò gbà kéèyàn sá aṣọ síwájú ilé. Kò gbà kéèyàn fi ọ̀dà tó wù ú kun ògiri ara rẹ̀. Kò gbà kéèyàn tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tílẹ̀ bá ti ṣú tán, nítorí ariwo. Òfin míì sì tún wà pé páńẹ́lì sólà kò gbọdọ̀ sí ní apá òrùlé tí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè fojú rí, nítorí wọ́n ní ó ń ba ẹwà àdúgbò jẹ́. Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan. Iná kì í dé ibẹ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ lójúmọ́, nígbà míì kì í tilẹ̀ dé rárá. Kéèyàn jókòó sínú òkùnkùn kò ba ẹwà kankan jẹ́ lójú wọn.

Iwájú ilé Ọlátúndé kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń ràn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà sì ni títì wà. Lẹ́yìn ilé, ilé alájà mẹ́ta kan ló dúró gbagidi bẹ́ẹ̀, òjìji rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí òrùlé wọn ní gbogbo àárọ̀. Nígbà tí òjìji yẹn bá fi máa kúrò, oòrùn á ti kọjá síwájú. Wọ́n ní kó kó páńẹ́lì rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá kó páńẹ́lì lọ sẹ́yìn ilé yẹn, àfi kó máa fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Láńre, mánéjà ẹ́sítéètì, ló ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Àwọn tí mo sọ pé wọ́n máa wá tú páńẹ́lì yẹn ló dé o. Deadline ti kọjá mà.”

Kúnbi gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. “Láńre, ìwọ náà mọ Ìyá. Ṣebí ìwọ lo gbé wọn wálé lọ́jọ́sí?”

Láńre wo bàtà ara rẹ̀. “Èmi ni mà.”

Gbogbo ẹ́sítéètì ló mọ ọjọ́ yẹn. Bí iná bá ti lọ, tí yàrá ṣókùnkùn, Ìyá kì í mọ ibi tó wà mọ́. Yóò ní òun fẹ́ lọ sílé, pé ìyá òun ń retí òun lóko. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà, Kúnbi tó sùn tì í ló sùn lọ fọnfọn, Ìyá sì ṣílẹ̀kùn, ó jáde láìwọ bàtà. Ibi ráńdábáòtù Galadimawa ni Láńre ti rí i, láàárín tírélà, tó ń bèèrè ọ̀nà oko lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ọlátúndé ra àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá. Ṣe ni Ìyá ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí ọwọ́ á wú. Ohun tó mú kí wọ́n ra sólà nìyẹn. Láti ìgbà tí iná ti ń tàn mọ́jú nínú yàrá náà, bí Ìyá bá tají, yóò rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò rí fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri, yóò bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò sì padà sùn. Wọ́n yọ àgádágodo kúrò. Kúnbi ní kí Ọlátúndé jù ú nù, Ọlátúndé sì ní òun máa jù ú nù.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fẹ́ ṣe irú èyí?” Kúnbi bi í. Kò pariwo. Ìyá wà níbẹ̀.

“Kì í ṣe èmi mà. Wọ́n rán mi ni.”

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò pa omi, ó ní òun ò fẹ́ kí omi máa ṣòfò, ṣùgbọ́n etí ló fẹ́ fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Obìnrin méjì dúró sábẹ́ igi tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

“Rule is rule,” èyí èkíní wí. “Tí wọ́n bá fi tẹnì kan sílẹ̀, gbogbo wa la máa gbé e síwájú.”

“Ṣé kò dáa kí gbogbo wa gbé e síwájú ni?”

“Àbí? Ṣùgbọ́n ìyá yẹn gan-an, wọn ì bá mú un lọ sílé. Ó wọ kíṣìnì mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fún òun ní iná òun. Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.”

Ràdíátù aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ni kò dúró sábẹ́ igi. Ó jáde wá pẹ̀lú híjáàbù tí kò tíì wọ̀ dáadáa àti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. “Kai! Láńre! Ilé Màmá arúgbó lẹ gbé àkàsọ̀ wá? Ẹ ò rí ilé míì? Ṣé ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn yẹn ò ba ẹwà jẹ́?”

“Àǹtí Ràdíátù, ẹ jọ̀ọ́.”

“Má bẹ̀ mí. Ọlọ́run ni kó o bẹ̀.”

Ìgbà yìí ni Ọlátúndé jáde láti inú ilé. Akọ̀wé àgbà ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ẹni tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kì í bínú níta. Ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò. “Láńre, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Mò ń lọ rí Alàgbà.”

Ara Kúnbi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn. Alàgbà Hezekiah ni ṣíámánù ẹ́sítéètì. Ará Kábbà bíi tiwọn ni, òun náà ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Abuja, àga iwájú ló sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wọn ń lọ. Òun ló mú Ọlátúndé mọ àwọn tó mú un wọṣẹ́. Kúnbi ní, “Sọ fún wọn pé tọrí Ìyá ni. Wọn ò ní gbàgbé Ìyá.”

Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí àkàsọ̀ wọn. Kúnbi fún wọn lómi, nítorí bó ti wù kó rí, àlejò ni wọ́n. Ó dúró lórí wọn bí wọ́n ṣe ń mu ún, ó sì bi Láńre ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ nínú látàárọ̀.

“Ta ló tiẹ̀ gbé òfin yìí kalẹ̀ gan-an?”

“Chairman ló gbé e wá sí míìtìnì mà. Ó ti pẹ́, kó tó di pé ẹ ra sólà. Wọn ò kàn tíì máa lò ó ni.”

“Ta ló wá kín in lẹ́yìn?”

Láńre mu omi. Ó mu ún ju bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́ lọ.

“Láńre, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ bi Daddy Fẹ́rànmí mà.” Orúkọ ọmọ Kúnbi ló fi pe ọkọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abẹ́ igi kò lè pa á mọ́ra. “Ẹ ẹ̀ mọ̀ ni? Àwọn gan-an ni wọ́n sẹ́kẹ́ńdì ẹ̀ o! Èmi wà níbẹ̀.”

Kúnbi gba ife lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn wọlé, ó sì fọ̀ wọ́n. Èyí tó mọ́ náà, ó tún un fọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Alàgbà dìde ní míìtìnì lọ́jọ́ náà, ó ka òfin náà jáde, ó ní ta ló kín òun lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn dákẹ́. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà níbẹ̀, àwọn kan ń tẹ fóònù, àwọn kan ń wo òkè. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ti Ọlátúndé fún àgbà ìlú rẹ̀ tó dá dúró níwájú. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, àgbà kì í dá dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀, àbúrò kan á na ọwọ́ sókè, á ní òun kín in lẹ́yìn, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́. Ọlátúndé na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan bi í nígbà náà pé kí ni wọ́n kà, kò dájú pé ì bá lè sọ ọ́. Nígbà tó wá ra sólà níkẹyìn, ó mọ̀ pé òfin wà, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé Alàgbà á gbójú kúrò, pé ọmọ ilé ni òun.

Alàgbà ń jẹ iṣu àti ẹyin nígbà tí Ọlátúndé wọlé. Ọlátúndé dọ̀bálẹ̀, Alàgbà sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kábbà.

“Òkun o, Túndé. Dìde, dìde. Bù jẹ.”

“Òkun o, sà. Mo ti jẹun sà.”

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n wà sà. Tọrí wọn ni mo ṣe wá. Láńre àtàwọn òṣìṣẹ́ ti wà nílé sà. Mo ní kí n wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ mọ bí Màmá ṣe máa ń ṣe tí iná ò bá sí.”

Alàgbà nu ẹnu. Kì í ṣe ìkà èèyàn, èyí ló tilẹ̀ ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ ìkà ni, a ó mọ ẹni tí a ó máa bú. “Túndé, gbọ́. Àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Mo ti ní kí wọ́n tú ti ará Nsukka yẹn, mo ti ní kí wọ́n tú ti Alhaji. Tí mo bá wá fi tìrẹ sílẹ̀, kí ni màá sọ? Wọ́n á ní torí pé ọmọ Kábbà ni ọ́. Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Torí pé tèmi ni ọ́ gan-an ni mi ò ṣe lè fi tìrẹ sílẹ̀. Orúkọ gbogbo wa ni mò ń ṣọ́.”

“Ó yé mi sà. Ṣùgbọ́n Màmá—”

“Kó o lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀yìn ò lófin.”

“Oòrùn ò dé ẹ̀yìn sà.”

“Ẹ máa wá nǹkan ṣe sí i. Àtùpà rechargeable pọ̀ lọ́jà Wuse.” Alàgbà gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. “Mi ò sì gbàgbé o. Lọ́jọ́ yẹn tí gbogbo wọn dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí, ìwọ nìkan lo dìde tì mí. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi.”

Ọlátúndé fẹ́ sọ pé ìyá òun á jáde sójú títì, pé mọ́tò á pa á. Ó fẹ́ sọ pé òun ò gbọ́ ohun tí òun kín lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé sà.”

Ẹ ṣé! Mo bi yín, ọpẹ́ kí nìyẹn?

Ìyàwó Alàgbà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n di gààrí àti ẹja gbígbẹ sí, ó ní kó fún Màmá, pé láti ilé ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ọlátúndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Kúnbi ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì nílò kó bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ti múra sílẹ̀.

“Gààrí ni wọ́n fún ẹ.”

“Ti Ìyá ni. Kúnbi, jẹ́ ká wọlé.”

“Níbí náà ni. Ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo kín in lẹ́yìn?”

Ọlátúndé wo Láńre. Láńre wo àkàsọ̀.

“Má wo Láńre. Èmi ni kó o wò.”

“Ẹnikẹ́ni ò dáhùn,” Ọlátúndé wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Baba dúró síwájú gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Mi ò lè jẹ́ kí ojú tì wọ́n.”

“Ojú ò gbọdọ̀ ti Alàgbà.”

“Kúnbi.”

“Ṣé mo purọ́ ni? Ojú ò gbọdọ̀ ti Alàgbà, àmọ́ ìyá tó bí ẹ lè máa rìn láàárín tírélà. Èmi ni mo sùn lọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni gbogbo yín bú, àwọn ẹbí ẹ pè mí láti ilé wá bú mi, mo gbà. Mo ní àwọn ló jàre. Ìwọ jókòó, ò ń wò mí, o sì mọ̀ pé ìwọ lo ti na ọwọ́ sókè.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíá. “Ẹ gùn ún, Láńre. Ẹ gòkè lọ. Ẹni tó nilé ló pè yín.”

Wọ́n gòkè. Wọn kò fi iṣẹ́ ṣeré, kò sì pẹ́ tí páńẹ́lì fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé wọn ti ògiri lẹ́yìn ilé. Ihò tí bóòtù fi sílẹ̀ lára páànù, wọ́n fi nǹkan dúdú kan dí i, wọ́n ní kò ní jò. Ràdíátù dúró wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Àwọn obìnrin abẹ́ igi ti wọlé lọ dáná.

Ọ̀sán ni Ìyá jáde sẹ́yìn ilé. Fẹ́rànmí, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló ń dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá rí àwọn páńẹ́lì náà. Dúdú ni wọ́n, wọ́n ń dán, ó sì rí arúgbó kan nínú èyí tó wà láàárín, tó so gèlè bíi tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

“Òkun o,” ó kí i. Ó dúró, ó tún kí i. “Òkun o. Ìgbà wo lo dé?”

“Grandma, ìwọ ni,” Fẹ́rànmí wí. Yorùbá rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ míì, Kúnbi á ní “ẹ̀yin” là ń pe àgbà. Kò sọ ọ́ lónìí.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Owé, èdè Kábbà, kíákíá, Fẹ́rànmí kò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn gbọ́ pé ó ń bi obìnrin náà bóyá ó ti jẹun. Kúnbi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò wọ́n. Gààrí Alàgbà ti wà lórí tábìlì látàárọ̀, ó ti pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó tú u. Ó rẹ díẹ̀ sínú abọ́, ó bó egungun kúrò lára ẹja, ó sì gbé e wá. Ìyá bù ú jẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gààrí ilé nìyí. Ó wá bu síbí kan, ó nà án sí arúgbó inú páńẹ́lì. Omi gààrí ṣàn sílẹ̀ lára gíláàsì.

“Gbà,” ó wí. “Gbà á, má tijú.”

Kúnbi wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó ṣí omi, ó sì sunkún.

Ọlátúndé pe Ọláoyè, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Orozo, ó ní kó jẹ́ kí Ìyá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọláoyè ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé yàrá kan la ní. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ibí gan-an ò níná. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà ní ẹ́sítéètì, kí n máa wá gbé Ìyá kúrò lọ́dọ̀ yín?” Ọlátúndé ní ó dáa. Ó ronú Kábbà. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ wà ní títì pa, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́. Ó fi fóònù sílẹ̀.

Tọkọtaya náà kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kúnbi gbé oúnjẹ fún un, ó sọ ọ́ sórí tábìlì, ó yí padà. Ọlátúndé jẹun níwọ̀nba kí ó má bàa jẹ́ pé ó kọ oúnjẹ.

Nígbà tí ojú ọ̀run ń pọ́n, Ràdíátù wọlé wá pẹ̀lú àtùpà rechargeable kan. “Ẹ máa lo èyí. Mi ò tíì rí iná fi chárjì ẹ̀ láti àná, ṣùgbọ́n nǹkan díẹ̀ wà nínú ẹ̀.” Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá. Iná gidi ṣì ń tàn nínú yàrá nígbà náà, nítorí ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú bátìrì. Ìyá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń wo fọ́tò ọkọ rẹ̀. Ọlátúndé jókòó tì í. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Ìyá kò ti mọ ọ́n mọ́. Láníyì ló ń pè é, orúkọ àbúrò Ìyá ọkùnrin tó kú ní kékeré.

“Láníyì, ṣé o ti kó ewúrẹ́ wọlé?”

“Mo ti kó wọn wọlé, Ìyá.”

Ínfátà tó ń fa iná láti inú bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti pálọ̀, píì, píì, bó ṣe máa ń ké nígbà tó bá fẹ́ kú. Fẹ́rànmí fi ọwọ́ di etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ínfátà dákẹ́, fáànù rọra dúró, yàrá sì ṣókùnkùn, àfi àtùpà Ràdíátù tó tan ìmọ́lẹ̀ sí igun kan ṣoṣo, tó wá sọ òjìji gbogbo wọn di gàgàrà lára ògiri. Ìyá rí àwọn òjìji yẹn. Ó dìde.

“Mò ń lọ sílé.”

“Ilé rè é, Ìyá.”

“Mò ń lọ sílé. Ta lẹ̀yin? Ìyá mi ń retí mi.”

Ó lágbára. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí agbára yẹn ti ń wá. Ó ti Ọlátúndé, ó gba pálọ̀ kọjá nínú òkùnkùn bí ẹni tó rí ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn àbájáde, kò ṣí, ó fi orí lù ú. Kúnbi dì í mú láti ẹ̀yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pe oríkì rẹ̀. Ìyá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ kíṣìnì, ó ń wá iná, ó sì yí gáàsì. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún síì nínú òkùnkùn. Fẹ́rànmí kígbe. Ọlátúndé sáré pa á, ó sì gbé ìyá rẹ̀ bí ẹni gbọ́mọ padà sínú yàrá.

Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn náà dé, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ìyá ń fà á láti inú.

Ó na ọwọ́ sókè sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń táràrà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun tó ń wá. Kò jù ú nù rí. Ó ti wà lókè níbẹ̀ látijọ́, ti òun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kúnbi rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ọlátúndé dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kó bú òun, kó gbà á lọ́wọ́ òun. Kúnbi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó sì tàn án sẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ rẹ̀ lè rí ibi tó máa fi àgádágodo náà sí.

Ó dún kọ́, ó sì mú.

Ilẹ̀kùn dẹ́kun mímì. Ìyá ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń gbọ́ mímí rẹ̀ ní ìhà kejì pákó, nítòsí gan-an. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo, kò sì pe Láníyì.

“Ọlátúndé.”

Ọwọ́ Ọlátúndé ṣì wà lára kọ́kọ́rọ́.

“Ọlátúndé, kí ni mo ṣe?”

Kúnbi wò ó. Fẹ́rànmí náà wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

Ìyá tún bi í, ó sì dúró de èsì.